Òwú Dúdú tí N Kò Tú ní Lomé

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó pàdé mi ní Ọ̀wọ̀ tí kò béèrè pé, "Báwo ni Tógò?" Màá rẹ́rìn-ín, màá ní ó dára. N kò sì purọ́. Tógò dára. Èmi ni n kò ṣe dáadáa níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí n yéé fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má retí pé kí n sọ iye wákàtí tí a lò lójú ọ̀nà, tàbí iye ibi tí wọ́n ti dá wa dúró láti yẹ ìwé wa wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, kó wọkọ̀ kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ẹnu mi ṣe. Ti ẹnu yẹn gan-an ló ń dùn mí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí: ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé. Ìpele, Ìdáṣẹ̀n, Èmùrè-Ilé, kò sí ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ mi kò tẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti rí obìnrin kan rí tó de gèlè ńlá lórí ọ̀kadà, tó ń bá ọlọ́kadà jà pé ó ta ẹrẹ̀ sí òun láṣọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi.

Ìpele

Àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan ní ìṣọ̀kan láàárín ara wọn. Ní ọdún méje méje, ìṣọ̀kan yìí á yan ohun mẹ́ta péré tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ mójú tó. Tí wọ́n bá yàn án tán, wọ́n á wá pín owó ìdàgbàsókè fún àwọn agbègbè tó wà nínú orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í wo bí orílẹ̀-èdè ṣe tóbi tó. Agbègbè tí nǹkan kò ṣẹnuure fún jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti fi ìwé tiwa ránṣẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní ìwé nìkan kò tó. Wọ́n ní kí agbègbè kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan tó ń gbé ibẹ̀ wá sí Lomé, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ilé ṣe rí. Èmi ni wọ́n mú fún Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ tọrọ, afárá ni. Lẹ́yìn Ìpele, odò kan gé ọ̀nà oko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó kọjá. Nígbà òjò, á gbé gbogbo igi tí a bá tẹ́ lé e lórí lọ, àwọn obìnrin á sì máa la omi kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé obìnrin kan lọ pẹ̀lú agbọ̀n iṣu rẹ̀. Agbọ̀n la kọ́kọ́ rí. Ó di ọjọ́ kẹta kí a tó rí òun fúnra rẹ̀. Àbúrò Ìyá Bọ́lá ni.

Ìyá Bọ́lá yìí ni olórí àwọn obìnrin àgbẹ̀ ní Ìpele. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ kò yéé lọ sóko. Nígbà tí mo lọ dágbére fún wọn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yí kòkó tí wọ́n sá sóòrùn níwájú ilé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó wọlé, ó sì mú fọ́tò mẹ́rin jáde. Bọ́lá ọmọ rẹ̀ ló yà wọ́n nígbà òjò, tó lọ tẹ̀ wọ́n ní Àkúrẹ́.

Nínú àkọ́kọ́, Ìyá Bọ́lá fúnra rẹ̀ wà nínú omi dé àyà, ìró ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, agbọ̀n iṣu wà lórí rẹ̀. Nínú ìkejì, ìyá ọmọ kan gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ká ìró sókè dé itan. Nínú ìkẹta, obìnrin mẹ́ta di ara wọn lọ́wọ́ mú láàárín odò, ẹ̀rù sì hàn lójú wọn. Nínú ìkẹrin, kò sí ènìyàn. Omi nìkan ni, àti òpó igi méjì tó ṣẹ́ kù lára afárá.

Ìtìjú mú mi. Mo ní, "Mà, ṣé irú èyí náà la ó gbé lọ sí ìlú onílùú?"

Ìyá Bọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Ọma mi, omi la wọ̀, a ò jalè. Bí àghọn bá fẹ́ fi wá rẹ́rìn-ín, kí àghọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í gbé ènìyàn lọ bí omi."

Ó kó fọ́tò náà sínú àpòòwé kan. Ó fa òwú dúdú tí wọ́n fi ń dirun yọ, ó yí i ká àpòòwé náà ní òró àti ní ìbú, ó sì ta á ní kókó kan tó máa ń fi parí irun àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn ní Ìpele tó mọ kókó yẹn ta. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Má tú u ní ulé," ó ní. "Iwájú wọn ni kí ọghọ́ rẹ ti tú u. Ẹni tó bá rí i tí a ń tú nǹkan, á fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Mo ní mo gbọ́.

Àjàṣẹ́

Ẹnubodè kọ́ ni mo ti mọ̀ pé mo ti di àlejò. Àjàṣẹ́ ni, lẹ́yìn ẹnubodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá.

A dúró jẹun níbẹ̀. Màmá kan ń ta àkàsà àti ẹja díndín pẹ̀lú ata lábẹ́ àtíbàbà. Yorùbá rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó ń gòkè níbi tí tiwa ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń da Faransé pọ̀ mọ́ ọn bí àwa náà ṣe ń da Gẹ̀ẹ́sì. Kò tà fún mi títí a fi kí ara wa tán: ilé, ọmọ, iṣẹ́, ọ̀nà. Ó bu omi tútù fún mi kí n tó béèrè. Ìgbà yẹn ló tó bi mí pé ibo ni mo ti wá.

"Ọ̀wọ̀ ni," mo ní, mo sì dúró kí ó yà á lẹ́nu.

"Ibo nìyẹn?"

Ẹ wò mí! Èmi tí mo rò pé gbogbo ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ló mọ Ọ̀wọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn fún un. Mo sọ bí ààfin wa ṣe gbòòrò tó, mo sọ iṣẹ́ ọnà tí àwọn baba wa fi eyín erin gbẹ́, mo sọ bí ìlẹ̀kẹ̀ àti ìmúra àwọn ìjòyè wa ṣe fara jọ ti Ìbíní. Ó ń mi orí, ó ń bu ẹja kún ẹja fún mi. Nígbà tí mo sinmi, ó ní, "Ìlú yín dùn o. Ní tiwa, ilé wa ń jò. Ọkọ mi kò ríṣẹ́ láti ọdún méjì. Òjò tó ń bọ̀ yìí, n kò mọ ibi tí màá gbé àwọn ọmọ sí."

N kò mọ ibi tí n óò gbójú sí. Ní Ọ̀wọ̀, aládùúgbò rẹ lè gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ fún ọdún mẹ́wàá, kó máa fi garawa gbe omi òjò nínú yàrá, bí o bá sì béèrè àlàáfíà rẹ̀, á ní a dúpẹ́. Mo ṣàánú màmá náà, ṣùgbọ́n mo tún fojú kéré rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó bi mí pé kí ni mo ń lọ ṣe ní Lomé, mo ní ìpàdé ni. N kò sọ pé afárá ni mo ń lọ tọrọ.

Ó yẹ kí n ti fura sí ara mi láti ibẹ̀.

Lomé

Ojú ọ̀nà ni òkun wà ní Lomé. Ní Èkó, ènìyàn máa ń wá òkun lọ ni. Níbí, ẹ óò máa lọ nínú ọkọ̀, igi àgbọn á tò lọ́wọ́ kan, òkun á sì wà lẹ́yìn wọn gbọọrọ, ó ń mí sókè sódò, kò sí ẹni tó ń wò ó. Gbogbo wa nínú ọkọ̀ yíjú sí i. Àní obìnrin tó ti ń bá kọ̀ǹdọ́kítọ̀ jà láti Kútọnu fi ìjà sílẹ̀.

Ilé àlejò tí wọ́n fi wá sí, opó kan ló ni ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gba báàgì mi lọ́wọ́ mi, ó ní "Wòézọ̀," ó sì ń wò mí títí mo fi mọ̀ pé èsì ló ń retí. Àwọn tó wà níbẹ̀ kọ́ mi pé "Yòó" ni kí n dá a lóhùn. Mo dá a lóhùn, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé mo fún un lẹ́bùn. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, ìgbàkígbà tí mo bá ti ìta wọlé, á tún kí mi káàbọ̀, àní bó jẹ́ ẹnu géètì ni mo dé. Èmi tí mo fẹ́ràn kí wọ́n kí mi, ó tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó ní òun ti se fùfú fún wa. Mo bojú jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, n kì í jẹ fùfú lọ́sàn-án, òórùn rẹ̀ kò bá mi lára mu. Mo ti ń ronú irọ́ tí màá pa nígbà tí mo gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé. Obìnrin méjì ń gún un ní àgúnpọ̀, ọ̀kan ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èkejì ń gbé e sókè, láìkọlu ara wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, iyán ni! Iyán funfun, tí kò ní kókó, nínú ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ tó ṣàn bí omi tí ata rẹ̀ sì mú. Iyán ni wọ́n ń pè ní fùfú níbẹ̀. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó dé ilé ìyá rẹ̀.

Obìnrin tí a jọ wà ní yàrá kan náà ń fi mí rẹ́rìn-ín. Fátúmàtá ni orúkọ rẹ̀, láti Sàró ló ti wá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ ni "Kúṣẹ́ o," mo sì yíjú wẹ́rẹ́ wo ẹni tó ń kí mi kú iṣẹ́. Àwọn baba ńlá tiwa tó dé ọ̀dọ̀ wọn láyé àtijọ́ ló fi kíkí yẹn sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń fi kí ara wọn títí dòní. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ. Nọ́ọ̀sì ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ibi oúnjẹ náà ni ohun tó bà mí jẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan, aṣojú agbègbè kan nínú orílẹ̀-èdè tí n kò ní dárúkọ, gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ó gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀. "Nàìjíríà!" ó ní. "Òmìrán Áfíríkà! Ẹ̀yin náà wá tọrọ?" Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni, Fátúmàtá sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iyán náà korò lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo padà sí yàrá, mo tú ẹrù mi. Súùtù dúdú kan wà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́la fún ìpàdé. Mo ká a padà. Mo gbé ṣẹ̀ghọ̀ṣẹ̀n jáde, aṣọ òfì Ọ̀wọ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, èyí tí mo kàn mú dání bóyá àjọyọ̀ kan á wà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ní wọn yóò rí ìdí tí a fi ń pè wá ní ọmọ Ọ̀wọ̀.

Gbọ̀ngàn

Yàrá ìpàdé náà tutù bí ọ̀gìnnìtìn. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí wa létí tó ń túmọ̀ èdè Faransé fún wa, tó sì ń túmọ̀ tiwa fún wọn. Alága jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan láti Sẹ̀nẹ̀gà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó máa ń tẹrí ba fún olúkúlùkù kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn kò tíì yan ohun mẹ́ta yẹn. Ẹnu wa ni wọn yóò ti yàn án. Ó ní ìwé ti sọ ohun tí ìjọba rí, kí àwa wá sọ ohun tí ẹsẹ̀ wa tẹ̀.

Fátúmàtá ló ṣáájú mi. Aṣọ tó wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ nílé ló wọ̀. Ó ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ abúlé wọn jù, ìrìn odidi ọjọ́ kan ni, nítorí pé ọ̀nà ti bàjẹ́. Ó ní àbúrò òun rọbí sójú ọ̀nà yẹn, pé òun nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, òun kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ọwọ́ lásán lọ. Ọmọ náà kò yè. Ó gbé fọ́tò ọ̀nà náà sókè, ó ń yí i kiri kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Mo wolẹ̀. Mo ní nínú mi pé obìnrin yìí kò mọ ìtìjú. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ó kàn mí. Bí mo ṣe dìde ni gbọ̀ngàn sọ "Háà!" nítorí aṣọ. Mo kí wọn, mo tún wọn kí. Mo sọ Ọ̀wọ̀ fún wọn. Mo sọ ààfin, mo sọ eyín erin, mo sọ kòkó tí ó ń so ní Ìdáṣẹ̀n, iṣu tó ń ta ní Èmùrè-Ilé, àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba káàkiri. Mo sọ ọ́ débi pé bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà á fẹ́ kó ẹrù wá sí Ọ̀wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Alága tẹrí ba. "Màdáámù, a dúpẹ́. Ìwé tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba yín wá sọ pé odò kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rí?"

Àpòòwé wà nínú báàgì lórí itan mi. Ọwọ́ mi wà nínú báàgì náà. Mo mọ kókó òwú yẹn lára ìka mi. Ọkùnrin aláwàdà àná jókòó ní ìdojúkọ mi, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò mí. Mo rí itan ìyá ọlọ́mọ yẹn lójú ọkàn mi, mo rí ìró tó lẹ̀ mọ́ àyà Ìyá Bọ́lá, mo rí gbogbo ojú tó wà nínú gbọ̀ngàn tó ń wò wọ́n. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

"A dúpẹ́, sà," mo ní. "Ẹ̀yin náà mọ ìwé ìjọba, wọ́n máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Odò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa ń bá a yí. Bí ẹ bá rí nǹkan díẹ̀ fi ràn wá lọ́wọ́, inú wa á dùn."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó ń kọ ọ́. Bí a ṣe jáde, ọkùnrin aláwàdà náà wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó tẹrí ba, ó ní, "Òmìrán!" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá lọ́tẹ̀ yìí. Inú mi dùn. Mo ní láti sọ òtítọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an ni.

Etí òkun

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìpàdé, èmi àti Fátúmàtá lọ rìn ní etí òkun. Àwọn apẹja ń fa àwọ̀n, ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí okùn kan ṣoṣo, wọ́n ń kọrin. Obìnrin kan fún wa ní ẹja kékeré tí wọ́n yan, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, ó ní àlejò ni wá.

"Àpòòwé tí o fi òwú dì yẹn," Fátúmàtá ní, "tó ń sùn lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Mo sọ fún un. N kò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Mo sọ ti odò, mo sọ ti àbúrò Ìyá Bọ́lá, mo sọ ti fọ́tò mẹ́rin. Ó dúró sójú kan.

"Kí ló dé tí o kò fi hàn wọ́n?"

Mo pa òwe ọwọ́ òsì fún un, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ronú sí i. Ó ní, "Ó dáa. Ọwọ́ wo lo wá fi júwe é?"

Kò sí ọwọ́ kankan tí mo fi júwe é.

Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Ó kàn ní, "Àǹtí mi, èmi náà kò fẹ́ sọ ti àbúrò mi. Ìyá mi ló ní bí n kò bá sọ ọ́, ta ni yóò bá òun sọ ọ́." Mo rántí pé nígbà tó ń sọ ọ́, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀ tí mo fi wá alága lọ. Mo mú àpòòwé dání. Ó ń mu tíì, ó dìde fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé n kò sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn. Ó gbọ́ mi dé òpin, lẹ́yìn náà ó ní ìgbìmọ̀ ti jókòó, wọ́n ti fọwọ́ sí i, kò sì sí ọ̀nà tí òun fi lè ṣí i padà fún ẹnì kan láìṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ó ní wọ́n ti yan ohun mẹ́ta: omi mímu, ilé ìwòsàn, àti ọ̀nà oko pẹ̀lú afárá.

Àti afárá! Mo bi í pé ipò wo ni Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ wà.

"Ẹ wà lára àwọn tó lè dúró," ó ní. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. "Màdáámù, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Oore lẹ ṣe. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní." Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ rere tó gún mi lọ́kàn tó yẹn rí láyé mi.

Agbègbè Fátúmàtá wà lókè pátápátá. Nígbà tí wọ́n pè é, ó sunkún, ó sì dì mọ́ mi. Mo bá a yọ̀, ó sì ti inú mi wá. Lẹ́yìn náà mo wọ ilé ìwẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún tèmi.

Ilé

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sí Ìpele. Lójú ọ̀nà, ohun ìtìjú kan wá sí mi lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n: mo rò ó pé kí n tú òwú náà, kí n tún un so, kó lè dà bí ẹni pé mo ti ṣí i. N kò mọ kókó yẹn ta. Ìyẹn nìkan ni kò jẹ́ kí n ṣe é.

Wọ́n ti gún iyán dè mí. Ìyá Bọ́lá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí ní nǹkan kan títí mo fi jẹun tán. Mo sọ ti òkun fún wọn, mo sọ ti iyán tó ń jẹ́ fùfú, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Nígbà náà ni Ìyá Bọ́lá na ọwọ́.

"Fọ́tò wa dà?"

Mo gbé àpòòwé fún un. Àwọn yòókù ṣì ń rẹ́rìn-ín fùfú. Ó wo kókó náà. Ó fi àtàǹpàkò kàn án, ó yí àpòòwé náà padà, ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó gbé e sábẹ́ itan, ó ní kí wọ́n lọ yí kòkó, pé òòrùn ń lọ.

Nígbà tó ku àwa méjì, mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti aṣọ, mo sọ ti ìbéèrè alága, mo sọ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an: pé ìwé ìjọba máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, pé àwọn ènìyàn wa ń bá a yí. Àbúrò rẹ̀ ni odò gbé lọ. Ó yẹ kó gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

Ó gbọ́ ọ tán.

"Àghọn pàtẹ́wọ́ fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ó dáa." Ó ń wo ọ̀nà oko. "Ọdún mélòó kí àghọn tó tún jókòó?"

"Méje, Mà."

"Méje." Ó fa àpòòwé náà yọ, ó gbé e padà fún mi. "Dìde, ọma mi. Mú un lọ sí ulé rẹ. Mi ò mọ̀ bóyá màá wà níbí lọ́dún méje. Ẹni tí wọ́n bá rán, bá mi fún un. Sọ fún un pé kó tú u."

Ó wà nínú àpótí mi báyìí, lórí ṣẹ̀ghọ̀ṣẹ̀n ìyá mi. Lánàá, òjò rọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo tẹ Bọ́lá láago láàárọ̀ yìí, mo bi í pé ibo ni ìyá rẹ̀ wà. Ó ní ó ti lọ sóko.